Orí Keje: Ẹni Tó Kù tí A Kò Tíì Sọ Lórúkọ

Mo fi ọwọ́ tó ń rùn fún ẹja bo ìyá ọkọ mi lẹ́nu. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Èmi náà mọ̀ pé ìyàwó tí wọ́n kọ́ nílé kì í dán irú ẹ̀ wò, pàápàá ọmọ Ìlàjẹ bíi tèmi, tó kúnlẹ̀ kí ìyá yìí lọ́jọ́ tí mo wọlé wọn títí orúnkún mi fi bó. Àmọ́ Etí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán ni, Mámà sì ti ń la ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mámà," mo sọ sí wọn létí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ nǹkan kan."

Ohun dúdú kan báyìí ni Etí, kò tóbi ju àkàrà lọ. Wọ́n kàn án mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé tó léfòó ní Ìdákọ̀ Kẹrin, ohùn obìnrin kan tó tutù bí ẹja àná sì wà nínú rẹ̀, iná kékeré aláwọ̀ ewé kan sì wà lójú rẹ̀. Láràárọ̀ tí oòrùn bá ti yọ, á kéde ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá padà. Bó ṣe kéde ti òní nìyí:

"Lóòbì. Ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu yín ni ìfẹ́. Inú èdè Sáńsíkírítì ló ti wá, láti ara lóbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni ojúkòkòrò. Ọ̀rọ̀ yìí ti padà sọ́dọ̀ àwọn Àjogún. A dúpẹ́ pé ẹ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wa."

Ta ló fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wọn? Àwọn Àjogún tí mò ń wí yìí, kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ń sọ Sáńsíkírítì nílé rẹ̀. Ẹ̀tọ́ lórí èdè àtijọ́ náà ni wọ́n gbà ní Ilé-Ẹjọ́ Ọ̀rọ̀, wọ́n wá ń lọ láti èbúté dé èbúté, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni tó ń lò ó. Ojúkòkòrò ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà jẹ́ nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó dára. Ó dé erékùṣù, ó di ìfẹ́. Èwo wá ni wọ́n ń gbà padà?

Àbúrò ọkọ mi obìnrin wà nídìí ìkòkò níbi tí a ti ń se ẹja. Ìpọnmi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan fún wa lọ́tẹ̀ yìí."

"Mo mọ̀."

"Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?"

Ọwọ́ mi ṣì wà lẹ́nu Mámà. Ìgbà méjì ni Etí ti mú Mámà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti dá padà lẹ́nu. Ìkẹta ni Ilé Ìdákẹ́. Ọkùnrin kan tó ń kan ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ti lọ síbẹ̀ rí, wọ́n sì dá a padà wálé pẹ̀lú òkùn irin tín-ín-rín kan lọ́rùn. Bí ọmọ rẹ̀ bá sáré tọ̀ ọ́ lọ, bàbá á la ẹnu, á sì pa á dé. Ó lè gbọ́, ó lè jẹun, ó lè rẹ́rìn-ín pàápàá, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ohunkóhun lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Kì í sì í ṣe pé èèyàn lè kìlọ̀ fún Mámà. Ọjọ́ ogbó ti dé sí wọn. Tí mo bá ṣàlàyé láàárọ̀, wọ́n á ti gbàgbé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ayé yìí, lóòbì ló rọ̀ wọ́n lẹ́nu jù. Wọ́n á pe ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á pe ológbò bẹ́ẹ̀, mo ti gbọ́ tí wọ́n pe ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo rọra gbé ọwọ́ kúrò. Mámà wò mí bí ẹni pé mo ya wèrè, wọ́n nu ẹnu, wọ́n sì kígbe pé, "Fẹ́ẹ̀nì!"

Iná Etí yí padà sí àwọ̀ ọsàn. "Orúkọ ta ni?" ló béèrè.

"Èmi ni, Má!" ni àbúrò ọkọ mi dáhùn, kíá, bó ṣe máa ń dáhùn. Iná náà padà sí àwọ̀ ewé. Ó bu omi sínú ife, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Omi sì ni fẹ́ẹ̀nì lédè wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe débẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà etíkun wa ń bá àwọn Àjogún ṣe àdéhùn, wọ́n gbà fún wọn ní ohun púpọ̀, Ọlọ́run á bi wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n fàáké kọ́rí lórí orúkọ. Wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, a kì í gba ìjánu lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n tún fi kún un pé orúkọ tí ìyàwó ilé bá sọ àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀, orúkọ gidi ni. Ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tí mo bá nílé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ mi ni, mi ò gbọdọ̀ pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Èmi ni mà á wá orúkọ fún un: Ìbàdí-àrán, Eyín-funfun, Akọ̀wé. Àwọn Àjogún rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin lásán ni, wọ́n buwọ́ lù ú. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ọmọ Ìlàjẹ kan lè lọ fẹ́ ará orí omi.

Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dá fẹ́ẹ̀nì padà, mo dúró níwájú Etí, mo sọ àbúrò ọkọ mi ní Fẹ́ẹ̀nì. Ó dáhùn, Etí sì gbà á. Nígbà tó kan ẹja, mo sọ àbúrò ọkọ mi ọkùnrin ní Máàsì. Láti ọjọ́ yẹn, apẹja tó mọ òkun bí àtẹ́lẹwọ́ kò lọ sókun mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń jókòó sí, ó ń tún àwọ̀n ṣe, torí bí Mámà bá pè é tí kò sí nítòsí láti dáhùn, Mámà ti dáràn nìyẹn. Ẹnì kan, orúkọ kan, òfin ò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ mi gan-an, Baba Raníyà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ojú òkun ló sì wà láti àná. Ọmọ tí mo bí kò sí nínú ẹ̀, torí kò ṣáájú mi délé.

Bàbá ọkọ mi, kí wọ́n tó kú, ni wọ́n máa ń jókòó sọ ìtàn ọ̀rọ̀ fún mi. Pááníyà ni wọ́n ń pe omi ní Sáńsíkírítì. Mátísíà ni ẹja. "Ìyàwó," wọ́n á ní, "o wà lójú agbami, atẹ́gùn ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ, ṣé o máa ráyè pe pááníyà? Òǹgbẹ á ti pa ọ́." A jọ rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní láti ẹnu bàbá dé ẹnu ọmọ ni àwọn ọ̀rọ̀ náà ti ń kúrú, tí wọ́n sì ń di tiwọn. Dívéhì tí àwọn èèyàn ọkọ mi ń pe ara wọn, ará erékùṣù ló túmọ̀ sí, ibì kan náà ló sì ti wá. Erékùṣù ló kọ́kọ́ lọ sábẹ́ omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dá ọ̀rọ̀ náà padà. Ní báyìí, bí àlejò bá béèrè pé ẹ̀yin wo nìyí, wọ́n á ní, "Àwa náà nìyí." Mo lè pe gbogbo rẹ̀ fún yín torí kò sí Etí níbi tí mo ti ń sọ ọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ wọn nìkan ni. Àdúrà, àlàáfíà, wákàtí: ẹ bi ara yín ibi tí a ti rí wọn. Ọjọ́ tí Àjogún mìíràn bá gba ẹ̀tọ́ lórí èdè Lárúbáwá, kí la ó fi kí ara wa? Mo máa ń rò ó, oorun á sì dá lójú mi.

"Ó ku ẹnì kan," ni Fẹ́ẹ̀nì sọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹnì kan ṣì kù tí o kò tíì sọ lórúkọ."

"Ẹ gbé ẹnu yín dákẹ́, ọkọ mi."

"Ìyàwó, ẹnì kan péré ló kù."

"Mo ní kí ẹ dákẹ́!"

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ la ti gbọ́ ọkọ̀ ayẹ̀wò. Ó wá fara kan pákó ilé wa, gbogbo ilé mì tìtì. Mo sáré gé àgbọn, mo fi sí Mámà lẹ́nu. Eyín wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mú mọ́, àgbọn kan á pẹ́ lẹ́nu wọn díẹ̀. Ọgbọ́n tí mo lè dá kò ju ìyẹn lọ.

Àwọn méjì ló wọlé. Ọ̀gá Akínrìmísí ló ṣáájú, ẹni tó ń yẹ Ìdákọ̀ Kẹrin wò, ọkùnrin gíga tí àmì iṣẹ́ ń dán láyà rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣíjúadé tẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ tuntun, ó gbé gíláàsì ayẹ̀wò tó ń fi àkọsílẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan hàn dání.

"Ẹ ńlẹ́ nílé yìí o," ni ọ̀gá náà wí. "Ayẹ̀wò."

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," ni mo dá a lóhùn, mo kúnlẹ̀. Ṣíjúadé rò pé ẹ̀rù òfin ló mú mi kúnlẹ̀. Kò mọ̀ pé ọkọ mi ni mò ń kí.

Ọmọ ìkẹyìn Mámà ni. Nígbà tí ìjì tú ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ká, apẹja etíkun kan fà á yọ nínú omi, wọ́n tọ́ ọ bí ọmọ, wọ́n fún un ní orúkọ ìdílé wọn. Ẹni gbogbo rò pé òkun ti gbé e lọ. Nígbà tó dàgbà, ó wá wa rí, ní bòókẹ́lẹ́, lẹ́yìn tó ti wọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Àjogún. A bẹ̀ ẹ́ kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní rárá, inú ibẹ̀ ni òun á ti wúlò. Bí ó bá wá ṣe ayẹ̀wò, á rìn yí ilé ká, á sì fi ìka kan nǹkan kan: ìkòkò omi, ẹja tó wà lórí ààrò. Etí ń gbọ́ ohùn, kì í gbọ́ ìka. Ohun tó bá fọwọ́ kàn ni wọ́n máa dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láìpẹ́, àwa á sì tètè wá nǹkan ṣe sí i. Gbogbo ilé tó wà ní Ìdákọ̀ Kẹrin ló ń jẹ nínú oore ìka yẹn, wọn ò kàn mọ ẹni tó ń ṣe é ni. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ará orí omi ni níbi iṣẹ́, ó parí. Òṣìṣẹ́ tó bá fi ìdílé rẹ̀ pamọ́, wọn kì í mú un lọ sí Ilé Ìdákẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ń mú un lọ.

Ṣíjúadé gbé gíláàsì sí iwájú Mámà. "Ìyá yìí ti gba ìkìlọ̀ méjì," ó ní. "Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ ìkéde òní?"

Mámà ń jẹ àgbọn. Wọ́n mi orí.

Ọ̀gá náà wá dúró ti ìkòkò ẹja, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ iná wò. Ẹnu rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mì. "Láti àná ni mo ti mọ̀," ó sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mo ronú títí. Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn? Ìfẹ́ ò ní ibì kan tí èèyàn lè nàka sí."

"Kí la máa ṣe?"

"Ẹ fún wọn ní nǹkan tí á mú wọn sùn. Títí a ó fi rí ọ̀nà mìíràn."

Ó na ara rẹ̀ tán, ó kọjá níwájú ẹní Mámà. Bàtà rẹ̀ gbé etí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún un tẹ́, ojú rẹ̀ àti ojú ìyá rẹ̀ sì wá dọ́gba. Mo rí i tí Mámà gbé àgbọn mì. Mo fò dìde, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n sì sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ fún ọmọ pé oúnjẹ ti délẹ̀.

"Lóòbì."

Iná di àwọ̀ ọsàn. "Ìgbà kẹta," ni Etí wí. "Orúkọ ta ni?"

Ṣíjúadé gbé orí sókè. Fẹ́ẹ̀nì ti ki ìka bọ ẹnu. Ọkùnrin náà ò dìde, ó kàn ń wò mí, ó ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi rò ó. Tí mo bá dákẹ́, Mámà á gun ọkọ̀ ayẹ̀wò lọ báyìí, wọ́n á padà wá wò wá láìmọ ohun tí wọ́n lè pè wá. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti ba ayé ọmọkùnrin yìí jẹ́, mo sì ti gé ìka tó ń gba gbogbo wa là. Tí mo bá sọ̀rọ̀ tí òun sì sẹ́, irọ́ nìyẹn lójú òfin, èmi àti Mámà la jọ ń lọ. Bẹ́ẹ̀ òun ò lè dáhùn orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fún un. Ẹnu mi ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

"Orúkọ ta ni?"

Mo tún kúnlẹ̀. "Èmi Mojírayọ̀, ìyàwó ilé yìí, ọmọ Ìlàjẹ, mo ní ọkọ kan tó ti wà nílé yìí kí n tó dé, tí mi ò tíì sọ lórúkọ. Ọmọ ìkẹyìn Mámà ni. Lóòbì ni mo sọ ọ́."

"Kí ó dáhùn," ni Etí wí.

"Ọmọ ìkẹyìn wo?" Ṣíjúadé wo gíláàsì rẹ̀, ó fi ẹ̀rín sí i. "Ṣebí omi ti gbé ìyẹn lọ? Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ń sọ?"

Ọ̀gá náà dìde. Ó gbọn eruku eékún rẹ̀, ó tún àmì àyà rẹ̀ ṣe, ó sì yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Iná ti ń pọ́n. Mo bú u nínú mi. Mo fi orúkọ bàbá tó bí i bú u. Mámà ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn ò mọ nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀.

Ó dé ibi òpó, ó dúró. Ó gbé ẹnu sún mọ́ Etí.

"Èmi ni, Má," ó ní.

Kì í ṣe ohùn tó fi ń ṣe ọ̀gá ló fi sọ ọ́. Iná náà fà á díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ gbà, ó sì di àwọ̀ ewé.

"Orúkọ ti wọlé," ni Etí wí. Ó tún ní: "Òṣìṣẹ́ Akínrìmísí, ohùn rẹ bá ohùn ilé yìí mu. Dá àmì rẹ padà. Òfin orúkọ kò jẹ́ kí a mú ọ kúrò nílé yìí."

Ṣíjúadé ti fi ẹ̀yìn rìn dé etí pákó. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, ẹ̀rù ń ba òun náà, ọmọdé ni. "Ọ̀gá," ó ní, "ẹ sọ pé irọ́ ni. Ẹ sọ ọ́, mà á gbà yín gbọ́."

Ọkùnrin náà tú àmì náà, ó fi í lé e lọ́wọ́. "Má pè mí ní ọ̀gá mọ́," ó ní. "O gbọ́ orúkọ mi."

Ọmọbìnrin náà bọ́ sínú ọkọ̀, ó sì lọ. A dúró títí a ò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Máàsì ti wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, àwọ̀n ṣì wà léjìká rẹ̀, ó di àbúrò rẹ̀ mú. Fẹ́ẹ̀nì ń sunkún. Èmi ò lè sunkún, mò ń ka gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé náà lọ́kàn, ìrọ̀rí, ààrò, ìlẹ̀kùn, mò ń rò ó pé èwo ni wọ́n máa mú lọ́la, tí kò ní sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án fún wa.

"Ẹ dárí jì mí, ọkọ mi," mo ní.

"Ìwọ lo fún mi ní orúkọ," ó ní. "Èmi ni mo dáhùn."

A gbé oúnjẹ fún un. Ó ti bu òkèlè sẹ́nu nígbà tí Mámà tún pè é, "Lóòbì!" Wọ́n kàn fẹ́ pè é ni. Iná di àwọ̀ ọsàn. Gbogbo wa pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà pé kó dáhùn, ó sáré gbé òkèlè mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun.

"Èmi ni, Má."

Mámà pè é, ó dáhùn. Wọ́n pè é, ó dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń gbádùn rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni mo rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà, tó wo ẹnu ọ̀nà, tó wo omi, tó sì wo etíkun tí a lè rí lókèèrè, níbi tó ti ń rìn fàlàlà láti kékeré. Ó ti yé e. Ibi tí ohùn arúgbó yìí bá dé ni ayé rẹ̀ parí sí báyìí. Ohùn Mámà sì ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún tó kọjá.